Eérú èédú ilẹ̀ nínú búlọ́ọ̀kù, ṣé rédíéṣọ̀n ẹ̀ ò pọ̀ jù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mọ́níyà ni mo ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ẹnì kan ní òun á máa kó eérú wá fún mi, eérú ìdí bọ́ílà ilé-iṣẹ́ kan tó ń jó èédú ilẹ̀, kí n lè fi dín símẹ́ńtì kù. Àbúrò mi ní òun kà á lórí fóònù pé rédíéṣọ̀n, ìtànṣán tí ò ṣeé fojú rí tó lè pa èèyàn lára, wà nínú ẹ̀. Ṣé kí n gbà á?

Ìdáhùn: Àbúrò yín ò parọ́ o, àmọ́ ẹ̀rù yẹn ti pọ̀ jù. Èédú tí mò ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń sun bọ̀ọ̀lì o, irú èyí tí wọ́n wà ní Enugu ni, inú ilẹ̀ ló ti wá, uranium àti thorium, àwọn nǹkan tí rédíéṣọ̀n ń ti ara wọn jáde, sì wà nínú ilẹ̀ níbi gbogbo, títí kan àpáta tí Ìbàdàn jókòó lé. Tọ́ọ̀nù èédú ilẹ̀ kan, uranium inú ẹ̀ sábà máa ń wà láàárín gíráàmù 1 sí 4, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti iyẹ̀pẹ̀ lásán lọ. Ìgbà tí wọ́n bá jó o tán lọ̀rọ̀ yí padà. Ṣé ẹ mọ ọbẹ̀ tó gbẹ lórí iná, omi lọ, iyọ̀ ò lọ, ó wá le lẹ́nu? Bẹ́ẹ̀ náà ni, nínú tọ́ọ̀nù eérú kan ó lè di gíráàmù 10 sí 30.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní símẹ́ńtì kan sí yanrìn mẹ́fà lẹ̀ ń pò, tẹ́ ẹ wá fi eérú rọ́pò ìdá kan nínú márùn-ún símẹ́ńtì yẹn, eérú ò ní tó 3 nínú 100 búlọ́ọ̀kù náà. Ó kéré. Wọ́n po eérú èédú ilẹ̀, èyí tó kúnná, mọ́ kọnkéré Hungry Horse Dam ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n parí ní 1953.

Nǹkan míì ló ń kọ mí lóminú ní tèmi. Eérú tó ń ṣiṣẹ́ bíi símẹ́ńtì ni èyí tó kúnná bí ẹ̀lúbọ́, tí wọ́n gbà lójú ọ̀nà èéfín, tìdí bọ́ílà sábà máa ń rí bíi yanrìn ni, ẹ bù ú sọ́wọ́, tẹ́ ẹ bá rí èédú dúdú tí ò jóná tán nínú ẹ̀, búlọ́ọ̀kù yín ò ní le, àwọn kọ́sítọ́mà á sì padà wá bá yín. Eruku ẹ̀ náà ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró, káwọn ọmọṣẹ́ yín wọ ìbòmú. Òjé àti májèlé tí wọ́n ń pè ní arsenic tún lè wà nínú ẹ̀, òjò á fọ̀ ọ́ wọ kànga.

National Institute of Radiation Protection and Research, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí rédíéṣọ̀n, wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn níbí, ẹ lọ bi wọ́n nípa yíyẹ̀ ẹ́ wò. Kí bọ̀dá yẹn kọ́kọ́ gbé báàgì kékeré kan wá, kó má da típà kankan sílẹ̀ lẹ́bàá kànga yín kí èsì tó jáde.