Jíìnì wo ló ń fa ọ́tísìmù, àti pé ìdílé ta ló ti wá?

Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ béèrè jíìnì, ìyẹn ìtọ́ni inú sẹ́ẹ̀lì tó ń darí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, tó fa ọ́tísìmù ọmọ yín, tí ìyá ọkọ yín ń sọ pé ìdílé yín lọmọ ti jogún ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gba ẹrù yẹn rù.

Ọmọ méjì ló ní ọ́tísìmù nílé mi, ìyá kan bàbá kan ni wọ́n, síbẹ̀ wọn ò jọra rárá. Ẹ̀gbọ́n kì í sọ̀rọ̀, tóǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ́ ọwọ́ mi ló máa fà lọ sídìí ife, wárápá tún ń yọ ọ́ lẹ́nu. Àbúrò ní tiẹ̀ kì í panu mọ́, á to orúkọ pílánẹ́ẹ̀tì àti àwọn òṣùpá wọn lẹ́sẹẹsẹ fún yín, àmọ́ tí ariwo bá ti ta sókè báyìí, á fọwọ́ dí etí, ó di abẹ́ tábìlì.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n gba tèmi àti tọkọ mi náà. Àyípadà nínú jíìnì SCN2A ni wọ́n rí lára ẹ̀gbọ́n, jíìnì yìí ló ń jẹ́ kí sodium, èròjà tó wà nínú iyọ̀, rọ́nà wọnú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kí wọ́n lè máa ránṣẹ́ síra wọn. Èmi ò ní in, ọkọ mi ò ní in, tuntun ló ṣẹlẹ̀ lára ọmọ, ìdílé ta la wá fẹ́ ní ó ti wá? Ti àbúrò, wọn ò rí nǹkan kan.

Pé wọn ò rí nǹkan kan ò sọ pé kò sí nínú jíìnì o. Ìwádìí kan tó jáde ní 2020 tọ́ka sí jíìnì 102 tó tan mọ́ ọ́tísìmù, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kàn. Èyí tó pọ̀ jù ni àwọn ìyàtọ̀ kéékèèké tó wà lára gbogbo wa, díẹ̀ látọ̀dọ̀ bàbá, díẹ̀ látọ̀dọ̀ ìyá, kò sí èyí tó lè dá nǹkan ṣe nínú wọn, àfi tí wọ́n bá pàdé lára ọmọ kan. Kódà apá kan tó máa ń já kúrò lára krómósómù 16 (ọ̀kan lára àwọn okùn tó gbé jíìnì), tí wọ́n ń pè ní 16p11.2, ó lè já lára òbí kí òbí náà máa báṣẹ́ ẹ̀ lọ, kọ́mọ tó jogún ẹ̀ má sì lè sọ̀rọ̀.

Tọ́wọ́ yín bá tó tẹ́ẹ̀sì náà, ẹ ṣe é, kì í ṣe torí àtimú ẹlẹ́bi. Èsì ẹ̀gbọ́n ni dókítà wò tó fi yí oògùn wárápá ẹ̀ padà, torí oògùn tó ń dí ọ̀nà sodium máa ń ran àwọn kan tó ní àyípadà SCN2A lọ́wọ́, ó sì lè dá kún tàwọn míì, látìgbà yẹn ni wárápá ọ̀hún ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ rí i pé wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá pọ̀ mọ́ tọmọ. Tí wọ́n bá kọ ọ́ síwèé pé àwọn rí àyípadà kan tí ìtumọ̀ ẹ̀ ò tíì dájú, ẹ má fi ṣèpinnu kankan, ẹ tọ́jú ìwé yẹn, kẹ́ ẹ padà lọ bi wọ́n tó bá tó ọdún díẹ̀ sí i.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ bímọ, ẹ bi dókítà jíìnì kẹ́ ẹ tó gba ti ẹnikẹ́ni gbọ́. Nǹkan bí ọmọ 1 nínú 5 tí ẹ̀gbọ́n wọn ní ọ́tísìmù lòun náà máa ń ní in, àmọ́ tó bá jẹ́ àyípadà tuntun ni wọ́n rí lára tàkọ́kọ́, kì í sábà tún ṣẹlẹ̀ lára àbúrò.