Ṣé dandan ni kéèyàn kọ́ Sanskrit kó tó kọ́ Hindi?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè bóyá kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ́ Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, ná kẹ́ ẹ tó bọ́ sórí Hindi tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ lónìí, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Delhi ni mo gbé, inú ọjà àti inú bọ́ọ̀sì ni mo ti gbọ́ Hindi. Kí n tó mọ òfin kan ṣoṣo yìí, ojú mi rí màbo.

Níbi tí kọ́ńsónáǹtì méjì bá ti so pọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ Sanskrit, àwọn tó ń sọ Prakrit, ìyẹn èdè ẹnu aráàlú, láyé àtijọ́ sọ wọ́n di ìró kan náà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ra. Nígbà tó dé Hindi, ọ̀kan já bọ́, fáwẹ̀lì iwájú rẹ̀ sì gùn. Sapta di satta, satta di saat: eéje. Hasta, hattha, haath: ọwọ́. Dugdha, duddha, doodh: wàrà. Ó yá, kí ni agni máa dà? Aag ni, iná.

Ibi tó ti ń dojú rú ni pé àwọn ọ̀mọ̀wé tún padà lọ kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà wá tààrà látinú ìwé. Tatsama ni wọ́n ń pe ìyẹn. Èyí tó ti ẹnu aráàlú kọjá ni tadbhava. Ìdí nìyẹn tí karm àti kaam, ọmọ ìyá kan náà, fi jọ wà. Kaam niṣẹ́ tẹ́ ẹ ń jí lọ láàárọ̀. Karm ni ìwà téèyàn hù tó máa wá kórè rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la.

Ẹ wá ṣọ́ra tó bá kan ọ̀rọ̀ oyún o! Garbhini ni aboyún ní Sanskrit. Ẹnu aráàlú sọ ọ́ di gaabhin, àmọ́ ẹran tó lóyún ni wọ́n ń lò ó fún, bíi màlúù. Ọmọ kíláàsì wa kan pe ìyàwó onílé wa bẹ́ẹ̀; ojú tí ìyá náà fi wò ó, àfi kílẹ̀ lanu. Garbhvati ló yẹ kó sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni stana ṣe pín sí méjì: stan ni ọmú obìnrin, than ni ti màlúù. Ti inú ìwé bọ́ sọ́dọ̀ èèyàn, ti ẹnu àgbẹ̀ bọ́ sí gàá. Kò sóhun tó dùn mọ́ mi nínú Hindi tó ìyẹn.

Gbogbo ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ kọ́ ni ti Sanskrit ṣá. Kamra (yàrá) àti chabi (kọ́kọ́rọ́), àwọn Potogí ló kó wọn dé. Waqt, tó jẹ́ àkókò, Lárúbáwá ni, òun náà ló bí wákàtí tiwa. Èyí tẹ́ ẹ bá sì ti rí z nínú rẹ̀, bíi zindagi tàbí zameen, ẹ má wá a lọ sí Sanskrit rárá, Páṣíà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.