Ẹ Bi Wá: Aṣọ Awọ Àkọ́kọ́ fún Ẹni Tó Ń Gun Power Bike

Lẹ́tà tó pọ̀ jù lọ níwájú wa lóṣù yìí dá lórí aṣọ awọ tí àwọn tó ń fi alùpùpù díje máa ń wọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Ìbàdàn tó ń gun power bike ti ń wá a kiri, owó kò sì pọ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn. A mú márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra alùpùpù 600 tòkunbọ̀ ni, owó tó ṣẹ́ kù kò tó nǹkan. Mo fẹ́ ra aṣọ awọ alódindi, èyí tí ẹ̀wù àti ṣòkòtò rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Kí ni kí n kọ́kọ́ wò, báwo ni mo sì ṣe máa mọ sáìsì mi? (Òǹkàwé, Ring Road)

Ẹ kú oríire. Kí ẹ tó náwó sórí aṣọ, ẹ rí i pé akoto gidi, ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹni tó kó gbogbo owó rẹ̀ lé aṣọ, tó wá ń fi sálúbàtà tẹ gíà, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, bí aṣọ ṣe bá ara mu ni kí ẹ fi ṣáájú, kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́. Inú aṣọ yìí ni páàdì líle wà, ní èjìká, ìgúnpá, egungun ìbàdí àti orúnkún. Tí aṣọ bá ṣò, tí ẹ bá ṣubú tí ilẹ̀ ń wọ́ yín lọ, ńṣe ni yóò yí mọ́ yín lára. Páàdì orúnkún á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, egungun yín gan-an ni yóò wá kan ọ̀dà títì. Aṣọ olówó pọ́ọ́kú tó lẹ̀ mọ́ni sàn fíìfíì ju olówó ńlá tó ń ṣò lọ.

Télọ̀ àdúgbò lè bá yín wọn ara yín, àmọ́ ẹ tètè kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi íǹṣì kankan kún un. Ó ti mọ́ wọn lára kí wọ́n fi íǹṣì méjì sí mẹ́rin sílẹ̀ nínú bùbá kí ara lè rí àyè mí. Aṣọ awọ kò fẹ́ irú rẹ̀. Ẹ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó wọn àyà yíká lábẹ́ abíyá, ìbàdí níbi tí bẹ́líìtì ń gbà, ìdí níbi tó ti yọ jù, itan, apá lókè ìgúnpá, àti láti ìpàdé itan dé ọrùn ẹsẹ̀. Kí ẹ ká apá kò díẹ̀ kí ó tó wọ̀n ọ́n láti egungun ẹ̀yìn ọrùn dé ọrùn ọwọ́. Ọ̀kan wà tí télọ̀ kì í sábà wọ̀n: ẹ fi tépù sí kòtò ọrùn níwájú, kí ó gba àárín itan kọjá, kí ó gòkè dé egungun ẹ̀yìn ọrùn. Òun ló ń sọ bóyá ẹ lè wọ alódindi yẹn rárá, torí awọ a máa fẹ̀ díẹ̀ bí ẹ ṣe ń wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kì í gùn. Aṣọ tó kúrú láti ọrùn dé ìdí, kúkúrú ni yóò jẹ́ títí.

Ní ti nọ́ńbà Yúróòpù, ẹ pín ìwọ̀n àyà yín ní sẹ̀ǹtímítà sí méjì. Àyà 96 ń wọ 48, 100 ń wọ 50, 104 ń wọ 52. Tó bá jẹ́ íǹṣì ni télọ̀ fi wọ̀n ọ́n, ẹ fi 10 kún un, 40 á di 50. Síbẹ̀, ẹ wo ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ aṣọ Ítálì a máa há ju ẹgbẹ́ wọn lọ.

Tí aṣọ bá dé ọwọ́ yín, ẹ má ṣe dá a lẹ́jọ́ lórí ìdúró. Bí wọ́n ṣe gé e, fún ẹni tó tẹ̀ síwájú lórí alùpùpù ni. Tí ẹ bá dúró ṣánṣán, èjìká yóò fà yín síwájú, ìpàdé itan á há, ẹ ó máa tẹ̀ díẹ̀ bí ẹ ṣe ń rìn. Bó ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn. Aṣọ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn lórí ìdúró ti tóbi jù.

Ẹ gbé alùpùpù sórí irin ìdúró rẹ̀, ẹ gùn ún, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ẹ tẹ̀ dé orí táńkì. Ní ipò yẹn, ẹ gbìyànjú láti fi ìka fún awọ ní itan àti lókè apá. Tí ohun tó wọ àárín ìka yín bá ju nǹkan bí íǹṣì kan lọ, ó ti ṣò. Kí ẹnì kan di páàdì orúnkún mú láti ìta, kí ó gbìyànjú láti yí i sọ́tùn-ún sósì. Tó bá kúrò lórí orúnkún, ẹ má rà á. Ẹ wo ọrùn ọwọ́: etí aṣọ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìbọ̀wọ́ síbẹ̀, kí awọ ara má ṣe hàn. Ẹ mí kanlẹ̀, ẹ yí orí wo ẹ̀yìn. Ẹ jókòó bẹ́ẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Tí àtàǹpàkò bá ń kú tipiri, apá ti há jù. Ìyẹn kì í ṣe híhá tí ìlò yóò tú.

Tí owó kò bá ká alódindi, ẹ ra ẹlẹ́yọ méjì, kó sáà ní sípù tó yí ìbàdí ká délẹ̀délẹ̀. Èyí tí sípù rẹ̀ mọ sí ẹ̀yìn nìkan, tí kò ju ọwọ́ kan lọ, a máa ṣí sílẹ̀ tí ẹ bá ń fi ẹ̀yìn wọ́ ilẹ̀.

Mo rí ọ̀kan níbi òkìrìkà ní Dùgbẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ti gé, èjìká ọ̀tún sì bó. Ẹni tó ń tà á ní ojúlówó ni. Ṣé kí n rà á? (Òǹkàwé, Òkè-Bọ́là)

Gígé orúnkún kò tó nǹkan tó bá jẹ́ ike tó wà níta rẹ̀ ló gé. Ike yẹn, ọwọ́ la fi ń ya á, a sì lè ra òmíràn lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó mọ kọ́nà á yà lórí pápá ìje ló máa ń fi í kan ilẹ̀. Èjìká ni kí ẹ fiyè sí. Ẹ wo egungun ìbàdí àti ìgúnpá ní apá ọ̀tún kan náà. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bó, aṣọ yẹn ti bá ẹnì kan ṣubú. Ẹ yí inú rẹ̀ síta, kí ẹ wo bóyá aṣọ ìtẹ́nú ya níbẹ̀, kí ẹ sì yọ páàdì ibẹ̀ wò bóyá ó ti sán. Ẹ fi èékánná họ ibi tó bó: bí ó bá ṣì le, tó jẹ́ pé ọ̀dà tí wọ́n fi kun ara rẹ̀ nìkan ló lọ, ẹ lè máa bá ìdúnàádúrà lọ. Bí ó bá ti rọ̀ jọ́bọ́jọ́bọ́, tó ń yọ fọ́nrán, awọ ti tán níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú rírán. Ibẹ̀ ni aṣọ ti máa ń já kí awọ fúnra rẹ̀ tó lu. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di ìhà méjèèjì mú, ẹ fà á pẹ̀lú agbára, kí ẹ tẹjú mọ́ àárín. Tí òwú bá ń yọjú tí ihò abẹ́rẹ́ sì ń fẹ̀, ó ti ń já lọ nìyẹn. Ẹ ṣe é ní ẹ̀yìn èjìká, ní ìdí, lẹ́bàá ìgúnpá. Kì í ṣe ojú rírán kan ṣoṣo ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ó kéré tán, kí ẹ rí méjì tó tò tẹ̀léra.

Ní ti ojúlówó, ẹ yí etí aṣọ wo níbi sípù ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn awọ gidi a máa ní irun wínníwínní. Ẹ̀yìn rẹ́síìn (awọ àfọwọ́ṣe), aṣọ híhun ni. Rẹ́síìn a máa yọ́ tí ó bá ń họ ọ̀dà, á sì lẹ̀ mọ́ ẹran ara. Awọ màlúù tí wọ́n fi ń rán aṣọ ìje sábà máa ń nípọn tó mílímítà 1.1 sí 1.4. Ẹ lè yá vernier (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ìnípọn) lọ́wọ́ ẹni tó ń gé irin kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Jákẹ́ẹ̀tì awọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí òde kì í tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ yọ páàdì jáde. Ara rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ EN 1621-1 (ìlànà Yúróòpù fún páàdì) sí, pẹ̀lú àwòrán kékeré ẹni tó gun alùpùpù àti nọ́ńbà 1 tàbí 2. Tí wọ́n bá ń dán an wò, wọ́n á sọ irin wúwo lé e: 1 lè jẹ́ kí agbára tó ìpíndọ́gba 35 kilonewton (ohun tí wọ́n fi ń wọn agbára) kọjá sí ara, 2 kò gbọdọ̀ jẹ́ kó ju 20 lọ. Èyí tí kò ní àkọlé kankan, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí ìka méjèèjì fẹ́ pàdé, fóòmù àga lásán ni. Aṣọ tí wọ́n ṣe láti 2020 síwájú sábà máa ń ní EN 17092 (ìlànà Yúróòpù fún odindi aṣọ alùpùpù) lára lébẹ́ẹ̀lì inú: AAA ló le jù, AA tẹ̀ lé e, A tún tẹ̀ lé e.

Ẹ fa sípù gbogbo délẹ̀. Ẹ na aṣọ tó ń fà lábẹ́ abíyá àti lẹ́yìn orúnkún. Tó bá ti kú, àtúnṣe rẹ̀ wọ́n. Tó bá ń rùn ebu, ẹ yẹra. Tó bá jẹ́ páàdì nìkan ló kù díẹ̀ káàtó, ẹ ṣírò owó mẹ́jọ (èjìká 2, ìgúnpá 2, ìbàdí 2, orúnkún 2), kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye tó pè.

Ṣé iké tó yọ síta lẹ́yìn aṣọ yẹn ló ń dáàbò bo ọ̀pá ẹ̀yìn? (Òǹkàwé, Àpáta)

Rárá o. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ṣe é fún, kí ó lè ṣàn kọjá láti orí akoto tí ẹni tó gùn ún bá tẹ̀ mọ́ táńkì. Fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ lásán ló sábà wà ní àyè ẹ̀yìn nínú ọ̀pọ̀ aṣọ tuntun. Ẹ ra páàdì ẹ̀yìn tó ní EN 1621-2 lọ́tọ̀, nọ́ńbà 2 tí agbára yín bá ká a, kí ẹ sì wọ̀ ọ́ sínú nígbà tí ẹ bá ń dán aṣọ wò. Ó máa ń gba àyè.

Aṣọ mi bá mi mu lára, àmọ́ apá àti ẹsẹ̀ ṣò. Télọ̀ mi ní òun lè dín in kù. Ẹlòmíràn ní kí n jẹ́ kí òun fi awọ Kánò rán tuntun fún mi. (Òǹkàwé, Mọ́níyà)

Máṣíìnì télọ̀ kò lágbára rẹ̀. Yóò gun ún díẹ̀díẹ̀, yóò fo ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́, ihò tí abẹ́rẹ́ bá sì ti lu sára awọ kì í dí mọ́. Ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń rán séètì mọ́tò tàbí báàgì ńlá, tí máṣíìnì wọn ń gbé awọ lókè àti nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Abẹ́rẹ́ awọ ni kí ó lò, nọ́ńbà 16 sí 18; òwú náílọ̀n tàbí polyester tó nípọn, kì í ṣe ti kọ́tìn lásán, torí òógùn á jẹ ẹ́ rà. Kí ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ tó mílímítà 3 sí 4. Tí wọ́n bá tò ó pọ̀ jù, awọ á ya lójú ihò bí ìgbà tí èèyàn fa tíkẹ́ẹ̀tì ya.

Inú apá, láti abíyá dé ọrùn ọwọ́, àti ẹ̀yìn ojúgun ni kí ó ti dín in. Kó má fọwọ́ kan èjìká, ìta ìgúnpá, ìta itan tàbí ìdí. Kí ó kọ́kọ́ fi kílíìpù dè é, kí ẹ gun alùpùpù wò, kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Gọ́ọ̀mù kò lè rọ́pò òwú o, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ.

Ní ti awọ Kánò, awọ dáadáa ni, àgbáyé ló ń rà á. Ṣùgbọ́n ti ewúrẹ́ àti àgùntàn ló wọ́pọ̀ níbẹ̀, bàtà àti báàgì ló yẹ. Fún aṣọ ìje, ó fẹ́lẹ́. Kódà tó bá rí ti màlúù, bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ tó tẹ̀ síwájú àti bí wọ́n ṣe ń to ojú rírán rẹ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n fi ara yín kọ́. Tí ẹ bá fẹ́ èyí tí wọ́n rán sí ìwọ̀n yín, Sialkot ní Pakistan ni ọ̀pọ̀ aṣọ irú rẹ̀ ti ń jáde, owó wọn sì rọjú. Kí ẹ béèrè àwòrán lébẹ́ẹ̀lì àti páàdì kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ọmọ mi fẹ́ ra aṣọ awọ yìí. Ṣé kò ní dákú nínú ooru? Ṣé ó tiẹ̀ wúlò? (Ìyá kan, Òkè-Àdó)

Ẹ kú àmójútó, Mà. Ó wúlò, àmọ́ ẹ jẹ́ kí a sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ọmọ yín bá ṣubú tó ń wọ́ nílẹ̀, aṣọ náà ni ọ̀dà yóò bó dípò awọ ara rẹ̀; páàdì á sì dín agbára ilẹ̀ kù lórí eegun. Tí ó bá kọ lu tírélà tàbí òpó, aṣọ kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Sísáré níwọ̀nba ló ń ṣe ìyẹn, ọ̀nà Ìbàdàn kì í sì í ṣe pápá ìje.

Ooru rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kí ó ra èyí tí wọ́n lu ihò wínníwínní sí àyà àti itan, kó má jẹ́ dúdú délẹ̀. Afẹ́fẹ́ kì í wọ ihò yẹn àfi tó bá ń rìn. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road, kò sí ìrànlọ́wọ́ kankan. Kí ó jáde ní kùtùkùtù, kí ó ti kúrò láàárín ìlú kí ọkọ̀ tó pọ̀. Kí ó wọ aṣọ tó ń lẹ̀ mọ́ra tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń wọ̀ sábẹ́. Síńgílẹ́ẹ̀tì òwú a máa mu òógùn ró sára. Kí ó mu omi kó tó gbéra. Tí orí bá ń fọ́ ọ, tí ojú ń ṣú, tí òógùn sì dáwọ́ dúró, kí ó dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó bọ́ síbi òjìji, kó tú sípù délẹ̀, kó sì jẹ́ kí ẹnì kan mọ̀.

Tó bá dé ilé, kó má ṣe sá a sí oòrùn, yóò gbẹ, yóò sán. Kí ó yí inú rẹ̀ síta, kó fi kọ́ sórí hángà tó fẹ̀ lábẹ́ fáànù. Ní ìgbà òjò, ebu ni ọ̀tá rẹ̀: kó má fi sínú ọ̀rá, aṣọ lásán ni kó fi bò ó. Tí ọyẹ́ bá dé, kó fi ìpara awọ tí kò ní àwọ̀ pa á fẹ́ẹ́rẹ́. Kò gbọdọ̀ fi epo pupa, àdí tàbí ọ́ìlì mọ́tò pa á, wọn a máa mú un rọ̀ jù. Sípù tó bá le, kí ó fi àbẹ́là ra eyín rẹ̀.