Ọjọ́ ìbí mi kò bára mu lórí NELFUND: ṣé kí n gba NIN tuntun?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Oǹdó ni mo ti ń kàwé, mo wà ní ọdún kejì. Mo fẹ́ gba owó yíyá NELFUND tí ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń fi JAMB yẹ̀ wá wò ni mo há sí, ó ní ohun tí mo kọ kò bá tiwọn mu. Mo rò pé orúkọ mi ló fà á: WAEC kọ Oluwabunmi, nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN àti báǹkì kọ Bunmi. NIN tún kọ ọ́ pé 9 oṣù kẹrin ni wọ́n bí mi, bẹ́ẹ̀ 4 oṣù kẹsàn-án ni, báǹkì sì kọ ọ́ dáadáa. Bùrọ̀dá kan tó ní kafé ní Àkúrẹ́ ní kí n mú ₦25,000 wá, òun á bá mi ṣe NIN tuntun tí gbogbo ẹ̀ á bá WAEC mu. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn lòun ti ṣe é fún. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Má san kọ́bọ̀. Ìbéèrè kẹrin rèé lọ́sẹ̀ yìí tó ní “NIN tuntun” nínú, inú sì ti ń bí mi. Kì í ṣe ẹ̀yin ọmọ ni mo ń bínú sí o, àwọn tó ń tà á fún yín ni.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ìbéèrè rẹ tò. O ní orúkọ ló dá ọ dúró. Orúkọ kọ́. Níbi tí o há sí yẹn, nọ́ńbà JAMB àti ọjọ́ ìbí ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ. O tẹ 4 oṣù kẹsàn-án, òótọ́ lo sì sọ. Ṣùgbọ́n láti ìdánwò 2021 ni JAMB kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí mọ́, inú àkọsílẹ̀ NIN ni wọ́n ti ń fà á wá. Ohun tó wà lórí NIN rẹ ni JAMB gbé, tòun ti àṣìṣe inú rẹ̀. NIN àti JAMB rẹ kò bára wọn jà rárá, àwọn méjèèjì ló jọ ń sọ pé oṣù kẹrin ni. Ìwọ lo ń bá wọn jiyàn. Bí o bá rò pé mo ń méfò, fa ìwé JAMB rẹ yọ kí o wo ọjọ́ ìbí tó wà níbẹ̀.

Mo tilẹ̀ lè sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ láìsí níbẹ̀. O kọ 04/09 sórí fọ́ọ̀mù, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ka oṣù ṣáájú ọjọ́. Ká ní ọjọ́ 23 ni wọ́n bí ọ, kò ní ṣẹlẹ̀, nítorí kò sí oṣù 23. Àwọn tí wọ́n bí láàárín ọjọ́ kìn-ín-ní sí ìkejìlá ló ń jìyà yìí jù.

Wàyí o, NIN tuntun. Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí o lọ forúkọ sílẹ̀, ṣé o rántí pé wọ́n ní kí o gbé ìka lé gíláàsì kan? Ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì, àtàǹpàkò. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n gbà, wọ́n sì ya ojú rẹ. Nọ́ńbà 11 tí wọ́n fún ọ, ara rẹ ni wọ́n so ó mọ́, kì í ṣe orúkọ rẹ. O lè lọ sílé ọkọ kí orúkọ yí, o lè kó lọ sí Kánò, nọ́ńbà náà kò ní yẹ̀. Bí o bá tún lọ gbé ìka lé gíláàsì lónìí, kódà kí o pe ara rẹ ní Ṣadé, kọ̀ǹpútà NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, á fi ìka wé ìka, á sì rí i pé Bunmi àná náà ni. Fíforúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sì lòdì sí òfin NIMC ti 2007. Nọ́ńbà kan ṣoṣo la máa ń gbà láyé. Bí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀, a máa ń tún un ṣe ni.

Kí wá ni bùrọ̀dá yìí ń tà? Nínú èyí tí ojú mi ti rí, oríṣi méjì ni. Nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n á gba slip rẹ àtijọ́, ìwé tí wọ́n tẹ NIN rẹ sí, wọ́n á yí orúkọ àti ọjọ́ ìbí lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á tún un tẹ̀ jáde, wọ́n á fi ọ̀rá bò ó. Á dára lójú. Ṣùgbọ́n portal NELFUND kì í ka ìwé. Nọ́ńbà ló ń gbé lọ bá NIMC, NIMC á sì dá a lóhùn pé Bunmi, 9 oṣù kẹrin. ₦25,000 lo fi ra fọ́tò yẹn.

Ìkejì ló burú jù. Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan jókòó síwájú mi, ó na slip sí mi, ó ń dán yinrin. Orúkọ rẹ̀ pé, ọjọ́ ìbí rẹ̀ pé, fọ́tò rẹ̀ rèé. Mo ní kí ẹlẹgbẹ́ mi tó láṣẹ àyẹ̀wò bá wa tẹ nọ́ńbà náà. Obìnrin àgbà kan tó wé gèlè ló yọjú. Ọmọ náà wo kọ̀ǹpútà, ó wo èmi, kò lè sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà màmá onímàmá ni wọ́n tà fún un, ó sì ti fi kọ fọ́ọ̀mù owó ìjọba. Bí wọ́n bá fọlọ́pàá mú un, ṣé oníkafé ló máa tẹ̀ lé e lọ sí àgọ́ ni?

Kódà, ká sọ pé NIN tuntun ṣeé ṣe: ti àtijọ́ ló wà lọ́dọ̀ JAMB, òun náà ló wà lórí síìmù rẹ àti lọ́dọ̀ báǹkì. Ibi mélòó lo fẹ́ lọ yọ ọ́ kúrò? Ní kí bùrọ̀dá náà pe ẹnì kan ṣoṣo wá nínú ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní òun ti ṣe é fún, tí owó NELFUND sì ti wọlé fún.

Ohun tí wàá ṣe rèé. Òótọ́ ni pé bí o bá tẹ ọjọ́ tó wà lórí JAMB, ó ṣeé ṣe kí o kọjá níbẹ̀. Mi ò ní gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o gba ibẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí o mọ̀ pé irọ́ ni lo máa fi tọwọ́ bọ̀wé gbèsè, ó sì ṣeé ṣe kí o tún há níbi BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báǹkì, nítorí ọjọ́ tòótọ́ ló wà lọ́dọ̀ báǹkì. Ìdí NIN ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Gba ìwé ẹ̀rí ìbí lọ́dọ̀ àjọ tó ń ka ènìyàn, NPC. Bí wọn kò bá gbà á fún ọ ní kékeré tí o sì ti lé ní ọdún 18, ìwé ìjẹ́rìí ọjọ́ ìbí ni wọ́n ń fún àgbàlagbà. Ìwé ìbúra kóòtù nìkan kò lè yí ohunkóhun padà nínú kọ̀ǹpútà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún ọ bí oògùn gbogboǹṣe. Gbé ìwé NPC lọ sí ọ́fíìsì NIMC, tàbí kí o lo ojú ewé àtúnṣe tí NIMC ṣí fún ará ìlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó àtúnṣe ọjọ́ ìbí ju ti orúkọ lọ púpọ̀. Ibi tí NIMC fúnra wọn bá ní kí o san án sí ni kí o san án sí, kì í ṣe account ẹnikẹ́ni. Bá wọn sọ ti Oluwabunmi náà lọ́jọ́ kan náà. Kò dá ọ dúró lónìí, àmọ́ ó lè dá ọ dúró nígbà NYSC.

Ẹ̀yìn èyí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí NIMC bá tún tiwọn ṣe, ti JAMB kò ní tún ara rẹ̀ ṣe. Ìgbà yẹn gan-an ni NIN àti JAMB rẹ á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yàtọ̀ síra. Nítorí náà má ṣe ọ̀kan kí o fi èkejì sílẹ̀: láti NIMC, JAMB ló kàn, kí o bèèrè fún àtúnṣe àkọsílẹ̀. Láti JAMB, ilé ìwé rẹ, torí àwọn ló ń fi orúkọ àti nọ́ńbà mátíríkì yín ránṣẹ́ sí NELFUND. Báǹkì ló kẹ́yìn, pẹ̀lú slip tuntun tí NIMC tẹ̀ jáde fún NIN rẹ kan náà. Má fojú di ti báǹkì o. Owó ilé ìwé kò ní kan ọwọ́ rẹ, ilé ìwé ni wọ́n ń san án fún tààrà, ṣùgbọ́n ₦20,000 oṣooṣù ti oúnjẹ, inú account rẹ ló ń wọ̀.

Ẹ̀yin òbí náà lẹ́bi tiyín. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ìyá bàbá á sọ owó sínú àwo omi, á sọ tiẹ̀, ìyá ìyá á sọ tiẹ̀, ọmọ á ti ní orúkọ méje kí ìrẹsì tó jinná. Kò burú. Ẹ ṣáà mú mẹ́ta nínú rẹ̀, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ lẹ́tà sí lẹ́tà, kí ẹ jókòó ti ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe kí ẹ lọ jókòó síta máa jẹ bọ̀ọ̀lì.

Mi ò bá NELFUND ṣiṣẹ́, mi ò sì bá NIMC ṣiṣẹ́. Ohun tí mo ń rí lórí tábìlì mi níbi ìforúkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ń sọ. Wọ́n lè yí ojú ewé wọn padà lọ́la, wọ́n sì lè fi kún owó, nítorí náà wádìí kí o tó gbéra. Ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó sì lè gba oṣù.

Ìbéèrè tèmi wá kù: ṣé o ti fún bùrọ̀dá náà ní NIN rẹ àti password NELFUND rẹ? Bí o bá ti fún un, yí password yẹn padà lálẹ́ òní, pẹ̀lú ti email. Bí nọ́ńbà kóòdù kankan bá sì wọlé sórí fóònù rẹ tí ó ní kí o kà á fún òun, má kà á.