Ẹ Má Kánjú ní Ítálì

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí bíi tèmi. Ó pé 20 ọdún lọ́dún yìí tí èmi àti ọkọ mi ti ṣègbéyàwó. Láti ìgbà náà, gbogbo ìrìn tí a bá jọ rìn, bí kò bá jẹ́ ti ìsìnkú, á jẹ́ ti ìnáwó nílé. A wá fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Ítálì nínú oṣù kẹwàá, ká máa rìn gbẹ̀fẹ́, ká kí àwọn èèyàn wa. Àbúrò ọkọ mi wà ní Brescia, ọ̀rẹ́ tí a jọ ṣe sẹ́kọ́ńdírì wà ní Bologna, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì wà ní Palermo. Ìwé ìrìnnà Britain ni mò ń lò, ti Nàìjíríà ni ti ọkọ mi. Àwọn ìbejì wa jẹ́ ọmọ ọdún 11, ìyá ọkọ mi sì wà lọ́dọ̀ wa báyìí, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ láti fi wọ́n sílẹ̀. Ṣé ká kó wọn dání ni? Báwo la ó sì ṣe tò ó tí a ò fi ní ni àwọn onílé lára?

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ìdáhùn:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire. Ẹ ó jọ dàgbà, ẹ ó jọ darúgbó. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi rin ọ̀nà yìí gan-an nínú oṣù kẹwàá 2023, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni màá sọ.

Ẹ fi àwọn ọmọ sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ò ní yọ̀ǹda ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún wọn láàárín sáà, ẹ̀yin náà sì mọ owó ìtanràn tó wà ní England níbí: £80 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, lọ́wọ́ òbí kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá tètè san án láàárín ọjọ́ 21. Ti yín á jẹ́ £320. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ni mò ń wò. Ìyá àgbà wà nílé. Àbíkẹ́yìn wa sunkún lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo sì ti ń wo tíkẹ́ẹ̀tì tí màá fi padà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin tí mo pè é, ó ní kí n dúró ná, òun àti màmá ń din àkàrà. Bí àárò wọn bá máa sọ yín jù, ìsinmi àárín sáà máa ń bọ́ sí ìparí oṣù kẹwàá. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa lò kẹ́yìn bọ́ síbẹ̀, kí ẹbí kan kó wọn wá bá yín ní Palermo. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí lẹ́tà pé ẹ fún onítọ̀hún láṣẹ láti kó wọn rìnrìn àjò.

Ti ìwé. Físà Schengen, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ni ọkọ yín máa gbà, lọ́dọ̀ Ítálì. Ó lè béèrè fún un láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, kò sì gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ 15. Wọ́n á béèrè ìwé adójútòfò tó bo ìtọ́jú àìsàn dé 30,000 yúrò ó kéré tán, àti lẹ́tà ìpè láti ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ yẹ ìwé yín wò: kò gbọdọ̀ ju ọdún 10 lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é títí di ọjọ́ tí ẹ máa wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ku oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa jáde. Òfin kan tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ẹni wa ò mọ̀: ẹni tó bá gba àlejò tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù sílé gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí láàárín wákàtí 48. Bí àbúrò ọkọ yín bá ní kí ẹ fi fọ́tò ìwé ìrìnnà ránṣẹ́, ẹ má bínú. Ààbò tirẹ̀ ló ń ṣọ́.

Ní ti àwọn onílé, ọjọ́ ìsinmi wọn ni kí ẹ fi to ìrìn yín. Ibi tí ẹ fẹ́ wò ò lọ síbì kankan. Iṣẹ́ agbára làwọn èèyàn wa ń ṣe níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ní Brescia wà ní ilé iṣẹ́ irin, ọ̀sẹ̀ kan lówùúrọ̀, ọ̀sẹ̀ kan lálẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tó ń tọ́jú. Badante ni wọ́n ń pe oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Àìkú lọ̀pọ̀ wọn sì máa ń ráyè. Àwa ò béèrè. Ọjọ́ Ajé la dé, ọkùnrin náà á ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, dípò kó lọ sùn, á máa wá oúnjẹ tí àlejò máa jẹ. Ó dùn mí títí dòní.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ìyá arúgbó náà ní kí wọ́n mú wa wá. Ó ti lé ní 90 ọdún. Polenta ló rò sílẹ̀ dè wá, ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n ń rò bí a ṣe ń ro àmàlà. Ó ní kí wọ́n dà á sórí pátákó, ó jẹ́ kó dì, ó wá fa òwú kan yọ nínú àpò aṣọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì tó ń gbọ̀n nà án, ó sì fi gé e, ó dọ́gba rẹ́gí. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ kí i. Ìyá fẹ́ dìde gbé e, ó rò pé ó ṣubú ni. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ó di orí ọkọ mi mú, kò tètè fi í sílẹ̀. A lọ wo gbọ̀ngàn ìwòran Arena ní Verona lọ́jọ́ kejì, èyí tí àwọn ará Róòmù kọ́ ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn. Ó ga, ó lẹ́wà. Òwú yẹn ni mo máa ń rántí.

Ẹ má lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ nílé ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà kí ẹ gba yàrá sítòsí. Ẹ di èlùbọ́ tó dáa lọ. Àwọn ará Ẹdó ló pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì, nítorí náà nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, ẹ ó rí iṣu àti epo pupa, àmọ́ èlùbọ́ gidi ò wọ́pọ̀. Ẹ má di ẹran, pọ̀nmọ́ tàbí wàrà: wọn ò gbà á wọlé láti Britain.

Rélùwéè ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe mọ́tò. Kámẹ́rà wà ní ẹnu ọ̀nà àárín ìlú wọn tó ń ṣọ́ mọ́tò tí ò láṣẹ láti wọbẹ̀, ìwé ìtanràn á sì bá yín délé. Tí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì oníbèébà fún ọkọ̀ Regionale, ìyẹn rélùwéè tó ń ná àwọn ìlú tó wà nítòsí ara wọn, ẹ tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀ nínú ẹ̀rọ kékeré tó wà níbùdókọ̀ kí ẹ tó wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó sanwó ìtanràn bí ẹni tí ò ra tíkẹ́ẹ̀tì rárá.

Ní Bologna, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló bo ọ̀pọ̀ òpópónà. Òjò kì í pa ẹni tó ń rìn. Èyí tó gòkè lọ sí ìjọ San Luca ní ẹnu ọ̀nà 666, ó sún mọ́ kìlómítà mẹ́rin. Ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín ni kẹ́ ẹ gbà á lọ. Ẹ ó rí àyè sọ gbogbo ohun tí fóònù kì í gba èèyàn láyè láti sọ.

Erékùṣù Sicily ni Palermo wà. Bàálù lè gbé yín débẹ̀, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ sùn ní Naples, kí ẹ wá wọ ọkọ̀ ojú irin ojúmọmọ láti ibẹ̀. Tó bá dé Villa San Giovanni, létí òkun, wọ́n á gé ọkọ̀ náà sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á tì í sínú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú èrò inú rẹ̀. Ó máa ń lé ní wákàtí kan kí gbogbo rẹ̀ tó parí. A gòkè lọ sí ìta ọkọ̀, ọkọ mi di ọwọ́ mi mú níwájú èèyàn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún tí mo ti délé ọkọ.

Ní Palermo, kí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín mú yín lọ sọ́jà Ballarò, kó sì sọ ti Benedetto fún yín, ọmọ àwọn ẹrú ará Áfíríkà, tó kú lọ́dún 1589, tí ìjọ Kátólíìkì sọ di ẹni mímọ́ lọ́dún 1807. Ọ̀kan nínú àwọn ẹni mímọ́ tí wọ́n gbà pé ó ń ṣọ́ ìlú náà ni, àwọn èèyàn dúdú Brazil sì ń ṣọdún rẹ̀ títí dòní. Iná jó ilé ìjọsìn tí òkú rẹ̀ wà nínú oṣù keje 2023, nǹkan bí oṣù mẹ́ta ká tó dé. Obìnrin aláta kan nínú ọjà sọ ọ́ fún wa bí ẹni pé bàbá tirẹ̀ ni.

Tí físà ọkọ yín bá jáde, ẹ kọ̀wé sí mi. Mo fẹ́ fi èlùbọ́ kílò méjì rán yín sí ìyàwó ọ̀rẹ́ wa ní Brescia. Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ gbé e lọ.

Ìyá Bọ́lá, London