Èsì: Ilẹ̀ ìrẹsì tí ìyá ìyàwó yín fẹ́ tà fún yín ní Java, ní Indonésíà

Ẹ béèrè bóyá ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àjèjì lè fi orúkọ yín ra ilẹ̀ náà. Rárá o, ẹ̀gbọ́n, orúkọ yín kò lè wọ ìwé ilẹ̀ oko yẹn. Òfin ilẹ̀ Indonésíà ti ọdún 1960 ò gbà kí àjèjì ní Hak Milik, ìyẹn ẹ̀tọ́ ìní pátápátá.

Ti ìyàwó yín tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ yàtọ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá fi ta á lọ́rẹ, tiẹ̀ ni. Bí ẹ bá fi owó rà á lẹ́yìn ìgbéyàwó láìsí àdéhùn tó ya ohun ìní yín sọ́tọ̀, ti ẹ̀yin méjèèjì ni, ọdún kan péré lòfin sì fún yín láti gbé e sílẹ̀. Láti 2016, tọkọtaya tó ti ṣègbéyàwó náà lè ṣe àdéhùn yìí. Ẹ ṣe é kí ẹ tó sanwó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà kí wọ́n fi orúkọ ará abúlé kan sínú ìwé ilẹ̀ dípò tiyín. Abala 26 òfin 1960 yẹn sọ irú rẹ̀ di òfo: ìjọba á gba ilẹ̀, owó yín ò sì ní padà.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun:

1. “Letter C” tí wọ́n fi hàn yín, ìwé owó orí ilẹ̀ ní ọ́fíìsì abúlé ni, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ìní. Kí màmá kọ́kọ́ gba ìwé-ẹ̀rí ìní ní BPN, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

2. Ẹ béèrè bóyá tanah bengkok ni, ilẹ̀ tí wọ́n fún àwọn aláṣẹ abúlé jẹ dípò owó oṣù. Ìyẹn kì í ṣe ti màmá láti tà.

3. Ta ló ń dáko níbẹ̀? Bó bá jẹ́ maro, ìyẹn àdéhùn pínpín ìkórè láàárín onílẹ̀ àti ẹni tó ń dáko, ìdajì ìkórè ni ti ẹni tó gbìn ín. Ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀ fúnra yín, kó sì kórè tán kí ẹnikẹ́ni tó wọnú oko ìrẹsì yẹn.