Kí ẹ tó kó àgbàdo pa mọ́ de ìjọba

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ẹ ní ẹ gbọ́ pé ìjọba fẹ́ máa ra ọkà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ wa láti fi kún àká ìjọba, dípò kí wọ́n máa gbé e wá láti òkè òkun. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ kó àgbàdo yín pa mọ́ dè wọ́n. Èsì tèmi ni pé ẹ má kó gbogbo rẹ̀ dè wọ́n. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù wa níbí ní Òkè-Ògùn, èmi náà ni mo máa ń dúró ti ìwọ̀n nígbà tí olùrà bá dé. Ohun tí ojú mi ti rí nídìí ìwọ̀n yẹn kì í ṣe kékeré.

Ètò náà dára, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ látilẹ̀ ni pé nínú ọkà tí a bá kórè lọ́dún, ìjọba àpapọ̀ á tọ́jú 5%, àwọn ìpínlẹ̀ á tọ́jú 10%, 85% yòókù á wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ àti oníṣòwò. Nígbà tí ebi ń pa ará ìlú ní oṣù kejì ọdún 2024, 42,000 tọ́ọ̀nù ni Ààrẹ ní kí wọ́n kó jáde láti inú àká. Tí wọ́n bá pín in kárí gbogbo wa, nǹkan bí 200 gíráàmù ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ò kún inú ọmọdé lóòjọ́. Àká gbọ́dọ̀ kún jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ àgbẹ̀ ló sì yẹ kí wọ́n ti rà á.

Àmọ́ ẹ rántí oṣù keje ọdún yẹn kan náà. Ìjọba kéde pé fún 150 ọjọ́, àgbàdo, wíìtì, ẹ̀wà àti ìrẹsì tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ àmọ́ tí wọn ò tíì dán lè wọlé láìsan owó ibodè. Oṣù keje ni àwa níbí ń ya àgbàdo àkọ́rọ̀, tí kálukú sì ń ṣírò bí ilẹ̀ tó máa wà fún ti àrọ̀kúrò ṣe máa pọ̀ tó. Ẹ mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó di 2025, owó ọkà já wálẹ̀, owó ajílẹ̀ ò sì bá a já. Mi ò sọ pé kí ebi pa ará Ìbàdàn kí inú wa lè dùn o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ kí n gbin oúnjẹ ìpamọ́ fún òun, kó sọ iye tó máa san kí n tó pe katakata wá sóko. Ní Íńdíà, láti ọdún 1965 ni wọ́n ti ní àjọ tó ń ra ọkà pa mọ́ fún ìjọba, wọ́n sì máa ń kéde iye tí ìjọba máa rà á kí àgbẹ̀ tó gbìn. Níbí, ìgbà tí àgbàdo bá ti wà nínú àpò la máa ń gbọ́ iye.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá le jù. Olùrà kan wà tí mi ò ní dárúkọ, ó ní àká ìjọba lòun ń kó ọjà lọ. Inú ọyẹ́ ló kó àgbàdo wa, òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí owó tó wọlé. Ẹni tó jẹ gbèsè ajílẹ̀ ò lè fi "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" san án. Látìgbà náà, òfin ẹgbẹ́ wa ni pé ọkọ̀ kì í rù láìjẹ́ pé àlẹ́ẹ̀tì ti dún lórí fóònù akápò. Ìdí tí àwọn alágbàtà ṣe ń borí nìyẹn. A máa ń bú wọn, àmọ́ wọ́n ń kówó wá sóko lọ́jọ́ tí a nílò rẹ̀. Àká ìjọba náà kì í ra ogún àpò lọ́wọ́ ẹnì kan. Ọkọ̀ àjàgbé tó ń kó 30 tọ́ọ̀nù, 300 àpò ni. Tí ẹ ò bá para pọ̀ mọ́ àwọn ẹlòmíì, alágbàtà náà ló máa ta tiyín fún ìjọba, èrè ibẹ̀ á sì jẹ́ tiẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn nínú káràkátà pẹ̀lú àká: ìwọ̀n ni wọ́n ń lò. Lọ́jà wa, àpò tí wọ́n bá fi àpò mìíràn rán lórí, àpò kan náà ni wọ́n máa pè é, ẹ̀yin lẹ sì fi àlékún yẹn tọrẹ. Lórí ìwọ̀n, kílò ni kílò.

Ibi tí wọ́n ti máa ń mú àgbẹ̀ ni ọ̀rinrin. Wọ́n á ki irin oníhò bọ àpò láti ẹ̀gbẹ́, hóró á dà sí wọn lọ́wọ́, wọ́n á fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Tó bá ju 13% lọ, wọ́n á dá a padà tàbí kí wọ́n yọ kílò. Ẹ ṣe ìṣirò yín sílẹ̀: àpò 100 kílò tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 18%, tí ẹ bá sá a di 13%, nǹkan bíi kílò 94 ló máa kù. Ẹni tó bá yọ kílò 10 lórí irú àpò bẹ́ẹ̀, ẹ bi í pé omi wo ló gbé mẹ́rin yòókù lọ. Tí ẹ ò bá ní ẹ̀rọ, ẹ wá ìgò tó gbẹ táútáú, ẹ da iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sí i, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo lé e, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ó ṣì ju 15% lọ. Ẹ padà sá a, orí tápólì ni o, ẹ má sá a sórí títì.

Torí náà, ti àrọ̀kúrò nìkan ni mo lè gbà yín níyànjú pé kí ẹ tọ́jú, nítorí orí igi ló ti ń gbẹ, nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ti àkọ́rọ̀, inú òjò lẹ ti ń ya á. Ó máa bu, èébu náà sì ní májèlé tí ẹ̀rọ wọn máa rí bí ojú tiyín ò tiẹ̀ rí i. Tí ẹ bá fẹ́ dènà èyí láti oko, ẹ bèèrè Aflasafe, èyí tí èébu aláìlóró inú rẹ̀ máa ń lé èébu olóró kúrò, tí IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ṣe. Wọ́n máa ń fọ́n ọn sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó.

Tó bá jẹ́ ti àrọ̀kúrò lẹ ní, ẹ ta ìwọ̀n tó máa san gbèsè yín báyìí. Ẹ di ìyókù sínú àpò onípele mẹ́ta, ọ̀rá méjì nínú, àpò lóde, ẹ so ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kó lè le. Àìrí afẹ́fẹ́ ló ń pa kòkòrò níbẹ̀, ẹ má da òògùn kankan sí i rárá. Tó bá di oṣù karùn-ún, tí àgbàdo tútù ò tíì pọ̀ lọ́jà, àwọn tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ á máa wá a kiri. Tí ti àkọ́rọ̀ bá ni, ẹ tètè tà á. Tí aṣojú ìjọba bá sì dé láàárín méjì, ẹ gbọ́ iye tó máa san lórí kílò kan àti ọjọ́ tí owó máa wọlé, kó buwọ́ lù ú sínú ìwé kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn àká yín.